Ẹranko Onílẹ̀, Orúkọ Onílẹ̀

Ní ọdún 1791, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gorgon gúnlẹ̀ sí èbúté Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Màlúù wà lára ẹrù tí ó kó wá, nítorí pé ebi ti ń pa àwọn òyìnbó tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó láti ọdún 1788, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ dà sí òpin ayé. Ọ̀gá ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Watkin Tench, ẹni tí ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ sínú ìwé, fi àwọn màlúù náà han Colbee, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ tí ó ti di ojúlùmọ̀ wọn. Colbee wò wọ́n, ó sì béèrè bóyá kangarúù ni wọ́n.

Ó rọrùn láti fi Colbee rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Tench kò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wọ Sydney. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kò gbọ́ ọ rí kí àwọn àlejò tó dé. Ohun tí Colbee rò ni pé èdè àwọn àlejò ni, pé bí wọ́n ṣe ń pe ẹranko ńlá nìyẹn. Àwọn òyìnbó, ní tiwọn, rò pé èdè Colbee ni àwọn ń sọ sí i. Báyìí ni àwọn méjèèjì dúró níwájú màlúù, tí oníkálukú ń fi ọ̀rọ̀ kan náà bọ̀wọ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá jìnnà sí Sydney gan-an. Ní ọdún 1770, ọkọ̀ James Cook kọ lu àpáta abẹ́ omi ní apá àríwá ìlà-oòrùn Ọsirélíà, ó sì di dandan kí wọ́n tún un ṣe ní ẹnu odò kan. Ọ̀sẹ̀ bíi méje ni wọ́n lò níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ń sọ èdè tí a ń pè ní Guugu Yimithirr. Ọ̀dọ̀ wọn ni Cook àti Joseph Banks, onímọ̀ ewéko tí ó bá a rìn, ti gbọ́ orúkọ ẹranko kan tí ó ń fò lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: gangurru. Láti ibẹ̀ dé Sydney tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ lọ bá Colbee dà bí ẹni tí ó kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará Dakar, tí ó wá ń fi bá ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀, tí ó sì ń yà á lẹ́nu pé kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìtàn kejì, èyí tí ó gbajúmọ̀ ju òtítọ́ lọ. Ní ọdún 1820, ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn, Phillip Parker King, dé etí odò kan náà, ó béèrè orúkọ ẹranko náà, wọ́n sì fún un ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò jọ ti Cook rárá. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Cook kò gbọ́ èdè, pé ohun tí àwọn onílẹ̀ wí fún un ni pé “a kò mọ ohun tí ò ń wí,” òun sì sọ ọ́ di orúkọ ẹranko. Ìtàn tí ó dùn ni, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé. Irọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan, John Haviland, lọ jókòó ti àwọn tí ń sọ èdè Guugu Yimithirr, ó sì rí i pé gangurru wà ní èdè wọn dáadáa, pé irú kangarúù ńlá kan pàtó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tí King gbọ́ ní tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹran tí ènìyàn lè jẹ. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí àlejò bá nawọ́ sí àgùntàn nílé wa, ẹnì kan lè wí fún un pé àgùntàn ni, ẹlòmíràn sì lè wí pé ẹran ni. Àwọn méjèèjì kò purọ́.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí pé ní ìlú ńláńlá Ọsirélíà lónìí, ọgbà wà tí ó jẹ́ pé kìkì ẹranko ilẹ̀ náà ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, kò sí erin. Àwọn ìdílé ń sanwó wọlé láti wo kangarúù, kòálà, wombat, dingo, wallaby. Ẹni tí ó bá ń kà á lójú pátákó yóò rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń kà. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí kangarúù, tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹnu àwọn ènìyàn Colbee ní agbègbè Sydney ni àwọn mẹ́rin yòókù ti jáde. Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe là já nígbà tí ẹranko fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, tí èdè tí ó bí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ parun pẹ̀lú, ni ìtàn tí a kì í sábà rí kà lójú pátákó ọgbà.

Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ wo ọ̀rọ̀ platypus, ẹranko kékeré inú odò tí ó ní ẹnu bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tí ó ní irun lára, tí ó ń yé ẹyin, tí ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Nígbà tí awọ rẹ̀ dé Ìlú Ọba ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, George Shaw, ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé ìmọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1799, fi ìfura wò ó bóyá ńṣe ni oníjìbìtì kan rán ẹnu pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ara ẹranko. Èyí kò burú; ẹnikẹ́ni ni ìbá fura. Ohun tí ó burú ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Ó lé ní 80 ọdún tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fi ń jiyàn bóyá ó ń yé ẹyin tàbí kò yé e, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ti ń sọ fún ẹni tí ó bá béèrè pé ó ń yé e. A kà á sí àlọ́. Ní ọdún 1884, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Cambridge, William Hay Caldwell, pàgọ́ sí etí odò Burnett ní Queensland, ó gba àwọn onílẹ̀ tí wọ́n lé ní 100 síṣẹ́, wọ́n sì bá a wá ẹyin náà rí. Ó fi wáyà ránṣẹ́ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń lọ lọ́wọ́ ní Montreal, ariwo sì sọ. Orúkọ Caldwell wà nínú ìwé títí di òní. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì tún bá a wá a, kò ní orúkọ níbẹ̀.

Ẹni tí kò gba ohun tí onílẹ̀ mọ̀ gbọ́ kò ní ṣàì kà ohun tí onílẹ̀ ní sí yẹpẹrẹ. Lójú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ Ọsirélíà dó, ilẹ̀ náà dà bí ilé tí a kọ́ tí a kò fi àga sí, iṣẹ́ tiwọn sì ni láti kó ohun ọ̀ṣọ́ Ìlú Ọba wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1859, Thomas Austin, ọlọ́rọ̀ kan ní Victoria, gba ehoro 24 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè máa fi ìbọn ṣe eré pẹ̀lú wọn lórí ilẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. Láàárín nǹkan bí 50 ọdún, ehoro ti bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, wọ́n jẹ koríko tán, wọ́n sì jẹ ihò sínú ilẹ̀ nibi gbogbo. Ní ìwọ̀-oòrùn, ìjọba ní láti ṣe ọgbà onírin tí gígùn rẹ̀ lé ní 3,000 kìlómítà, láti ọdún 1901 sí 1907, nítorí ehoro nìkan. Kò dí wọn lọ́nà.

Ní ọdún 1861 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Victoria tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kó ẹranko, ẹyẹ àti ẹja ilẹ̀ òkèèrè wọlé kí ara wọn lè bá ilẹ̀ tuntun mu. Ọgbà ẹranko Melbourne tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ibi tí ẹgbẹ́ náà ń kó àwọn ẹran tí ìrìn àjò òkun ti rẹ̀ sí láti sinmi ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ìfẹ́ ẹranko ilẹ̀ náà ni ó bí ọgbà ẹranko ní Ọsirélíà. Àárò ilé ni ó bí i. Àárò ilé ọ̀hún kò sì tètè tán: ní ọdún 1935, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ 102 láti Hawaii wá sí Queensland kí wọ́n lè bá àwọn àgbẹ̀ jẹ kòkòrò inú ìrèké. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà kò jẹ kòkòrò náà, ṣùgbọ́n oró ara wọn ń pa ẹranko onílẹ̀ tí ó bá gbé wọn mì títí di òní.

Bí wọ́n ti ń kó ti òkèèrè wọlé ni wọ́n ń pa ti ilé. Àgùntàn ni ọrọ̀, ohunkóhun tí ó bá sì ń bá àgùntàn jẹ koríko ti di ọ̀tá. Ní ọdún 1877, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Queensland gbé òfin kan jáde pé kí a máa sanwó lórí kangarúù àti wallaby tí ẹnikẹ́ni bá pa. Títí di ọdún 1930, iye ẹranko tí a gba owó lé lórí ní Queensland nìkan lé ní mílíọ̀nù 25. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé láti ọdún 1908 ni kangarúù àti emu, ẹyẹ ńlá tí ó jọ ògòǹgò, ti dúró ní ọ̀tún àti ní òsì àmì àṣẹ ìjọba Ọsirélíà. Ní ọdún 1932, tí àwọn emu wọ oko wíìtì ní ìwọ̀-oòrùn, ìjọba tí ó fi wọ́n ṣe àmì yìí kan náà rán àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbé ìbọn arọ̀jò-ọta méjì àti ọta 10,000 lọ bá wọn jà. Àwọn emu fọ́n ká sínú igbó, àwọn ọmọ ogun padà sílé pẹ̀lú ìtìjú, ayé sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí di òní. Ó jọ pé emu nìkan ni ẹranko onílẹ̀ tí ó ṣẹ́gun nínú ìtàn yìí.

Ti Tasmania kò pani lẹ́rìn-ín. Erékùṣù ni Tasmania, ní gúúsù Ọsirélíà. Ní oṣù kejì ọdún 1830, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà níbẹ̀, George Arthur, kéde pé òun yóò san pọ́n-ùn márùn-ún fún ẹni tí ó bá mú àgbàlagbà kan láàyè nínú àwọn onílẹ̀, àti pọ́n-ùn méjì lórí ọmọdé. Ní ọdún 1830 kan náà, ilé iṣẹ́ olókòwò ńlá kan tí ó ní àgùntàn púpọ̀ ní àríwá erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó lórí ẹranko kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní ẹkùn Tasmania, nígbà mìíràn ìkookò Tasmania. Kì í ṣe ẹkùn, kì í sì í ṣe ìkookò. Ẹranko alápò ni, bíi kangarúù, tí ó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, ṣùgbọ́n tí ó jọ ajá, tí ilà dúdú sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìrù. Àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ Gíríìkì, thylacine. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí ọdún náà. Nínú ọdún kan ṣoṣo, lórí erékùṣù kan ṣoṣo, a dá iye owó lé ènìyàn lórí, a sì dá iye owó lé ẹranko lórí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà: pé wọ́n ń dí àgùntàn lọ́wọ́.

Láti ọdún 1888 ni ìjọba Tasmania fúnra rẹ̀ ti wá gba ọ̀rọ̀ thylacine ṣe: pọ́n-ùn kan lórí àgbà, ṣílè mẹ́wàá lórí ọmọ. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní ọdún 1909, wọ́n ti sanwó ní ìgbà 2,184. Kò pẹ́ tí ẹranko náà fi ṣọ̀wọ́n, bí ó sì ti ṣọ̀wọ́n ni owó rẹ̀ lọ sókè. Ọgbà ẹranko London san 150 pọ́n-ùn lórí èyí tí ó rà kẹ́yìn, ní ọdún 1926. Ẹranko tí òkú rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn kan lọ ní ọdún 1909 ti di ohun tí a ń fi owó ilé rà, kìkì nítorí pé kò sí mọ́.

Ní ìlú Hobart, olú ìlú Tasmania, ọgbà ẹranko kan wà tí ìgbìmọ̀ ìlú ń bójú tó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Beaumaris. Níbẹ̀ ni àwọn ìdílé ti máa ń lọ wo thylacine kan ṣoṣo tí ó kù. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1936, ìjọba ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹranko náà mọ́. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún náà, èyí tí ó wà nínú ọgbà kú. Ọjọ́ 59 ni ó wà láàárín òfin àti ikú. Ní ọdún 1937, wọ́n ti ọgbà náà pa. Kò sí ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀ nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìkẹyìn ni. Òkú rẹ̀ pàápàá sọnù, tàbí ohun tí a rò nìyẹn, títí di oṣù kejìlá ọdún 2022 tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hobart fi kéde pé wọ́n ti rí awọ àti egungun rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn. A ti gbé awọ náà káàkiri rí fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, láìmọ̀ pé òun ni.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí kan náà ni egungun obìnrin kan ti wà rí. Truganini ni orúkọ rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ Tasmania ni, ó kú ní ọdún 1876. Ó ti bẹ̀bẹ̀ kí ó tó kú pé kí wọ́n má ṣe fi òkú òun ṣe ìwòran. Wọ́n gbé egungun rẹ̀ síta fún àwọn ènìyàn láti máa wò láti ọdún 1904 títí di 1947. Ọdún 1976, tí ó pé 100 ọdún tí ó ti kú, ni wọ́n tó sun egungun náà tí wọ́n sì da eérú rẹ̀ sínú òkun ìlú rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé òun ni ẹni ìkẹyìn nínú ìran rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ nípa thylacine. Ti thylacine jẹ́ òtítọ́. Ti ènìyàn kì í ṣe òtítọ́ rárá: àtọmọdọ́mọ àwọn onílẹ̀ Tasmania wà láàyè, wọ́n pọ̀, wọ́n sì ti ń fi àjákù àwọn èdè àbáláyé wọn hun èdè kan pọ̀ láti àwọn ọdún 1990, èyí tí wọ́n ń pè ní palawa kani. Ní èdè náà, orúkọ thylacine ni kaparunina.

Bí a bá wá dé orí kòálà, a ó rí i pé díẹ̀ ni ó kù kí tirẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹranko jẹ́ẹ́jẹ́ tí ó ń gbé orí igi yukalípítọ́ọ̀sì, tí ó ń sun nǹkan bí wákàtí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 24, kò lè sá fún ìbọn. Irun rẹ̀ nípọn, ó rọ̀, òjò kì í wọ inú rẹ̀, àwọn oníṣòwò awọ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù sì ń rà á gidigidi. Ní Queensland, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òfin dáàbò bo kòálà fún ìgbà díẹ̀, ìjọba kéde ní ọdún 1927 pé kí àwọn ọdẹ máa pa wọ́n ní gbogbo oṣù kẹjọ ọdún náà. Ọ̀dá wà, owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ará oko, ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́nà. Mi ò rò pé ó yẹ kí a wá ìdí mìíràn lọ. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn olórí ìjọ, àwọn olùkọ́ àti àwọn ìwé ìròyìn. Ìjọba kò gbọ́. Nígbà tí oṣù náà fi parí, wọ́n ti pa kòálà tí ó ju 500,000 lọ. Ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú fúnra wọn, a kò sì tún gba irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ láyè mọ́ ní Queensland.

Ọdún 1927 yìí náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Claude Reid dá ọgbà kékeré kan sílẹ̀ ní etí odò Brisbane, ó sì fi kòálà méjì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Jack àti Jill. Lone Pine ni a ń pe ibẹ̀, nítorí igi páìnì kan ṣoṣo tí ó dúró lórí ilẹ̀ náà. Òun ni ọgbà kòálà àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kún Brisbane, kò sí ẹni tí kì í fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú kòálà ránṣẹ́ sílé. Láti ìgbà náà ni gbígbé kòálà mọ́ àyà ti di àṣà níbẹ̀, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè, àwọn olórin àti póòpù pàápàá ń ṣe é ní Ọsirélíà.

Àbúrò ìyàwó mi kan àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Brisbane. Nígbà tí a lọ kí wọn, Lone Pine ni àwọn ọmọ wọn kọ́kọ́ fẹ́ mú wa lọ. Èyí tí ó kéré jù ti pinnu pé òun yóò gbé kòálà, ṣùgbọ́n láti oṣù keje ọdún 2024 ni ọgbà náà ti fòpin sí i fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Queensland kò kà á léèwọ̀. Ènìyàn lè dúró nítòsí kòálà, kí ó sì wò ó, ó tán. Ọmọ náà bínú. Ìyá rẹ̀ rà oúnjẹ kangarúù fún un nínú àpò kékeré, ó sì gbàgbé ìbínú rẹ̀ ní pápá gbangba tí àwọn kangarúù ń dùbúlẹ̀ sí, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ní àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọdé.

“Dádì Ìbàdàn,” ó béèrè, “kí ni ẹ ń pè é ní Yorùbá?”

“Kangarúù náà ni.”

“Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, sà!”

Mo sọ fún un pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yá a ni. Ó béèrè pé lọ́wọ́ ta ni, mo sọ fún un. Ó tún béèrè pé ṣé wọ́n dá a padà. Ìyá rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí àgbà sinmi.

Èmi kò lè sọ pé ọgbà bẹ́ẹ̀ kò dára. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà ka kòálà ti Queensland, ti New South Wales àti ti agbègbè Canberra mọ́ ẹranko tí ó wà nínú ewu ìparun. Iná igbó ọdún 2019 sí 2020 jó púpọ̀ nínú wọn, àìsàn ń jà láàárín wọn, wọ́n sì ń gé igi tí wọ́n ń jẹ lulẹ̀ láti kọ́ ilé. Ẹranko tí ìbọn kò rí pa tán, ilé àti ọ̀nà ọkọ̀ ni ó wá kù tí ó fẹ́ pa á. Bí kò bá sí ibi tí a ti ń wo irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sàn, tí ọmọ ìlú sì ti ń mọ̀ pé ó wà, ta ni yóò gbèjà rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀? Ohun tí mo ń sọ ni pé orí pátákó kéré fún ìtàn náà. Pátákó ń sọ ohun tí kòálà ń jẹ àti iye wákàtí tí ó ń sùn. Pé gula ni àwọn onílẹ̀ Sydney ń pè é, kí àwọn òyìnbó tó sọ ọ́ di kòálà, ìyẹn náà yẹ ní kíkọ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ojú àwọn tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ rí.

Ohun tí ojú wọn rí ni pé ní ọdún 1789, ọdún kejì tí àwọn òyìnbó dé, ìgbóná jà ní agbègbè Sydney, ó sì pa àwọn onílẹ̀ ní àpalù. Colbee wà lára àwọn díẹ̀ tí wọ́n là á já nínú àwọn ẹbí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi bẹ̀rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí a ti ń sọ èdè náà mọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Orúkọ ẹranko là á já nítorí pé àwọn àlejò nílò rẹ̀. Gbólóhùn, ìkíni, àwàdà àti ẹ̀bẹ̀, ìwọ̀nyí ni wọn kò nílò.

Àyàfi ẹnì kan. William Dawes, ọ̀dọ́ ọmọ ogun tí ó ń wo ìràwọ̀ fún ìjọba ní Sydney, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà ní ọdún 1790. Ọmọdébìnrin onílẹ̀ kan, tí kò tí ì pé 20 ọdún, ni ó kọ́ ọ. Nínú ìwé kékeré tí Dawes ń kọ, kì í ṣe orúkọ nǹkan nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òun àti ọmọbìnrin náà ń bá ara wọn sọ ló wà níbẹ̀, ìgbà tí ó ń yá iná, ìgbà tí ó bínú, ìgbà tí ó sọ fún un pé ẹ̀rù ìbọn àwọn òyìnbó ń ba àwọn ènìyàn òun. Ní ìparí ọdún 1790, gómìnà pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun lọ gbẹ̀san lára àwọn onílẹ̀. Dawes kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ títí ó fi lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, ó wí ní gbangba pé ó dun òun pé òun lọ. Ó fẹ́ dúró sí Sydney. Gómìnà ní kí ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, kò tọrọ rẹ̀. Ọkọ̀ Gorgon, èyí tí ó kó màlúù Colbee wá, ni ó gbé e padà lọ sí Ìlú Ọba ní oṣù kejìlá ọdún 1791.

Òǹkàwé Yorùbá lè fẹ́ mọ ibi tí ó gbà láti ibẹ̀. Ilẹ̀ Sàró ni. Láti ọdún 1792, ó jẹ gómìnà ní Freetown ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó fún àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú. Ibẹ̀ náà ni Àjàyí Crowther ti gúnlẹ̀ ní ọdún 1822, tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìwé èdè Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1843. Wọn kò pàdé ara wọn, Dawes ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀nà tí ọ̀kan fi sọnù àti ọ̀nà tí èkejì fi yè gba ìlú kan náà kọjá.

Ìwé kékeré Dawes wà ní London láìsí ẹni tí ó kà á sí títí di ọdún 1972, tí a rí i ní ilé ìkàwé yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Láti inú rẹ̀ ni àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn onílẹ̀ Sydney ti ń kọ́ gbólóhùn èdè wọn padà lónìí. Inú rẹ̀ náà ni orúkọ olùkọ́ Dawes wà, Patyegarang. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni ẹranko aláwọ̀ eérú tí ó ń fò lórí ẹsẹ̀ méjì, èyí tí Colbee mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí ó fi orúkọ yẹn bi í léèrè ní ọjọ́ tí ó dúró níwájú màlúù.